Àìsàn tí ń jẹ ẹyinjú: Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò

Ọ̀rọ̀ kan ti gbòde l'Ékòó láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ni stem cell. Ẹni tí orúnkún ń dùn, wọ́n ní stem cell ni yóò wò ó sàn. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, stem cell ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú, wọ́n ní kí òun náà lọ wá owó stem cell. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olówó Ìkòyí àti Lẹ́kí nìkan mọ́, ó ti dé Mushin, ó ti dé Pápá Àjàó, níbi tí ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù ti lè kó gbogbo owó ọjà rẹ̀ kalẹ̀ nítorí kí ojú ọmọ rẹ̀ lè ríran. Kò sí ohun tó burú nínú kí aláìsàn ní ìrètí. Ohun tó burú ni kí wọ́n máa ta ìrètí náà fún un ní owó gọbọi, nígbà tí ohun tó lè ṣe é láǹfààní wà nítòsí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kó wo àìsàn ojú kan tí kò wọ́pọ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní egbò Mooren. Àìsàn yìí kì í ṣe ti òkè òkun nìkan. Orúkọ Nàìjíríà wà nínú ìtàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Iwájú ẹyinjú ní awọ kan tó mọ́ gaara bíi dígí. Awọ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kí ènìyàn tó lè ríran. Kọ́níà ni àwọn dókítà ń pè é. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, nítorí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá wọ ibẹ̀, kò ní í mọ́ gaara mọ́. Nínú àìsàn Mooren, àwọn ọmọ ogun ara, tí Ọlọ́run dá sínú wa kí wọ́n lè máa lé àrùn jáde, ni wọ́n ń kọjú ìjà sí kọ́níà bí ẹni pé ọ̀tá ni. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Egbò náà á bẹ̀rẹ̀ létí, níbi tí funfun ojú ti pàdé dúdú rẹ̀. Á máa yí po, á sì máa jẹ wọ àárín lọ. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó máa ń ju bí egbò náà ṣe tóbi lọ, débi pé aláìsàn kò ní í lè sùn, kò sì ní í fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Bí wọn kò bá tètè mójú tó o, kọ́níà á fẹ́lẹ́ títí yóò fi lu, omi inú ojú á sì tú jáde.

Dókítà ará Jámánì kan, Albert Mooren, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àìsàn náà, nítorí àlàyé tó ṣe nípa rẹ̀ ní 1867, bó tilẹ̀ jẹ́ pé William Bowman, dókítà ará Ìlú Ọba, ti mẹ́nu bà á ní 1849. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, àgbàlagbà ni àìsàn yìí sábà máa ń mú, ojú kan ló sì sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n ní 1968, dókítà kan tó ń jẹ́ Kietzman kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà pé èyí tí òun rí ní Nàìjíríà yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le koko, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 20 sí 30, ló ń bá jà, ó sì ń yára ba ojú jẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti pín egbò Mooren sí oríṣi méjì, èyí tó rọ̀ díẹ̀ àti èyí tó burú. Èyí tó burú yìí, tó máa ń mú ojú méjèèjì, ni wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà kò dákẹ́. Ní 1980, Dókítà Májẹ́kódùnmí kọ̀wé lórí bí àìsàn náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì tọ́ka sí aràn inú. Ní 1983, àwọn olùwádìí tún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní Sierra Leone wò, wọ́n sì rí i pé ohun ìjà tí ara wọn ń ṣe kọjú sí kọ́níà, ó sì tún kọjú sí aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sóko mọ aràn yìí dáadáa, òun náà ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọdé títí ojú ọmọ yóò fi funfun. Ohun tí àwọn dókítà fura sí ni pé nígbà tí ara ń gbógun ti aràn, ó ṣeé ṣe kó ṣi kọ́níà mú bí ọ̀tá kan náà. Ní 1993, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tún rí àwọn tó ní egbò yìí pẹ̀lú kòkòrò hẹpatáítíìsì C tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà pé aràn tàbí kòkòrò ẹ̀dọ̀ ló ń fa gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ìyẹn tó láti sọ pé kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀ owó ńlá.

Pápá Àjàó kì í ṣe àdúgbò tí ojú ti ń sinmi. Ibẹ̀ ni ọjà Ládípọ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ sí wẹ́wẹ́. Irin ń fò níbi tí wọ́n ti ń gé e, iná wẹ́dà ń kọ yẹ̀rì, ásíìdì inú bátìrì ń ta síni lára. Bí ojú ọmọ iṣẹ́ bá pọ́n, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò sọ ni pé irin ló kó sí i. Wọn á fi etí aṣọ nù ún, wọn á bomi sí i. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Oníkẹ́míìsì kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ojú, àmọ́ ó ní oògùn àkánsójú lóríṣiríṣi. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí kò lọ, ẹnì kan á ní kí wọ́n kán omi ṣúgà sí i, ẹlòmíràn á mú omi ewé wá, àwọn kan kò sì ní í tijú láti dárúkọ ìtọ̀. Gbogbo ìgbà yìí, ilé ìwòsàn ńlá LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, kò sí ibi tó jìnnà sí Pápá Àjàó níbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀ka ojú tí wọ́n ń pè ní Guinness Eye Centre. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé irin lásán ló kó sí òun lójú kò ní í lọ to ìlà ní LUTH láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú rèé. Lára oògùn tí oníkẹ́míìsì ń tà ni èyí tí wọ́n ń pè ní steroid. Steroid yìí náà ni àwọn dókítà kọ́kọ́ ń lò fún egbò Mooren, torí pé ó ń pẹ̀tù sí ìjà ara. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fọ́ńgáàsì ló wà nínú egbò náà, bí irú èyí tó máa ń wọlé nígbà tí ewé àgbàdo bá ya àgbẹ̀ lójú, steroid yóò tú u sílẹ̀ láti jẹ ojú náà run. Oògùn kan náà, egbò méjì tó jọra, ọ̀kan yóò gbà á là, ọ̀kan yóò fọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tí aláìsàn ń gbé àgbọ̀n lé, tí dókítà ń tan ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín sí i lójú, ló lè fi hàn, nígbà mìíràn pẹ̀lú kí wọ́n ha díẹ̀ lára egbò náà lọ yẹ̀ wò. Ó yẹ kí ìjọba ti fòpin sí kí oníkẹ́míìsì máa ta oògùn ojú tó ní steroid láìsí ìwé dókítà. Kì í ṣe pé kò sí òfin oògùn. Ẹni tí yóò lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ni kò sí.

Ká wá ní Ọlọ́run bá a ṣe é, aláìsàn náà dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti pa ìjà rẹ́, kì í ṣe láti tún ojú kọ́. Steroid ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa kán an léraléra. Bí kò bá tó, wọ́n á gé díẹ̀ kúrò lára awọ funfun tó wà létí egbò náà, torí pé ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń gbé àwọn ọmọ ogun wọlé. Bí ìyẹn náà kò bá gbà, ó di oògùn tí yóò rọ agbára ogun ara látòkè délẹ̀, irú bíi methotrexate àti cyclophosphamide, tí wọ́n tún ń lò fún àwọn àìsàn mìíràn. Ẹni tó ń lo àwọn oògùn yìí gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, nítorí wọn kì í ṣe oògùn àmúṣeré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìyẹn, wọ́n á lé aràn inú jáde, wọ́n á sì tọ́jú ẹ̀dọ̀ bó bá ní kòkòrò. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Dókítà tó bá lẹ awọ tuntun mọ́ ojú tí ìjà kò tíì rọlẹ̀ nínú rẹ̀ ń fi oúnjẹ fún ogun náà ni. Á jẹ èyí tuntun náà, owó á sì ti lọ. Ẹni tó bá ń polówó stem cell tí kò sọ ìyẹn fún aláìsàn kò bá a sọ òtítọ́.

Nígbà tí ìjà bá rọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo ilé Yorùbá.

Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ọmọ kan wà tó ń fi awọ borí wáyé. Bó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á pè é ní Tàlàbí. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Sàlàkọ́ ni. Èyí tó bá wà nínú àpò rẹ̀ pátápátá tí àpò náà kò bẹ́, Òkè ni. Awọ funfun tó fẹ́lẹ́ yẹn, tí wọ́n fi wé àlà, òun náà ni àwọn dókítà ojú ń wá káàkiri àgbáyé. Gbogbo ọmọ ló ní i, ìyẹn kì í ṣe ti Tàlàbí nìkan. Ara ibi ọmọ ló máa ń wà, tí kò sì sí ẹni tó ń wo ibẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ti ké. Ní 1940, dókítà kan tó ń jẹ́ de Rötth ti gbìyànjú láti fi awọ tó yí ọmọ ká tún ojú ṣe. Ọ̀nà náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Kim àti Tseng tó tún jí i dìde ní 1995. Láti ìgbà náà ló ti di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ni. Bí wọ́n bá tẹ́ àlà yìí sórí egbò ojú, ó máa ń dà bí ẹní tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun lè rìn kọjá lórí rẹ̀ láti bo egbò náà. Ó máa ń pẹ̀tù sí wíwú àti ìpọ́njú, ó máa ń dín àpá kù, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, ara ẹlòmíràn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kọ̀ ọ́. Bí ojú bá fẹ́ lu, wọ́n lè tẹ́ ẹ ní ìlọ́po ìlọ́po láti dí ibẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kò ní í mú egbò Mooren kúrò fúnra rẹ̀ bí ìjà inú bá ṣì ń lọ. Àmọ́ fún ẹni tí ìjà rẹ̀ ti rọ̀, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ojú tó ń ríran àti ojú tó fọ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń rí i ni ara ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìdọ̀tí má bàa kó bá a. Ìyá náà gbọ́dọ̀ gbà tinútinú. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò HIV, hẹpatáítíìsì àti rẹ́kórẹ́kó. Wọ́n á bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kúrò, wọ́n á fi omi oògùn fọ̀ ọ́, wọ́n á gé e sí kéékèèké, wọ́n á gbé e sínú fírísà tó tutù gan-an. Ibi ọmọ kan ṣoṣo lè tó fún ọ̀pọ̀ ojú. Ẹni tí iná mànàmáná bá ń bà lẹ́rù, ìyẹn gbogbo wa, kó mọ̀ pé wọ́n tún lè sá a gbẹ, kí wọ́n sì fi ìtànṣán gamma pa kòkòrò ara rẹ̀, nígbà náà kò ní nílò fírísà líle. Ìjọba àpapọ̀ ti kọ́ ilé ẹ̀rọ ìtànṣán gamma sí Sheda, nítòsí Àbújá. Ilé ìwòsàn ìjọba tó ní yàrá ìgbẹ̀bí lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ní ẹ̀ka ojú lọ́wọ́ òsì, kò yẹ kó máa dúró de awọ ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà.

Àwọn àgbà máa bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká gbọ́ tiwọn. Ibi ọmọ kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń jù sí ààtàn. Bàbá ọmọ tàbí ìyá àgbà ló máa ń gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, ibi tí wọ́n sin ibi ènìyàn sí sì ni ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi máa ń bẹ̀rù pé kí ibi ọmọ wọn má bọ́ sọ́wọ́ ayé. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìbẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà wà tí ohun méjèèjì yóò fi wà. Àlà náà nìkan ni dókítà nílò, ó sì rọrùn láti bó o kúrò lára ìyókù. Kí ilé ìwòsàn dá ìyókù ibi náà padà fún ìdílé nínú ìkòkò tàbí nínú àpò tó mọ́, kí wọ́n lọ sin ín gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìwé kan á wà tí ìyá yóò fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n ti kà fún un lédè rẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ti kọ ọ́ pé fún ojú nìkan ni, àti pé kò sí ẹni tí yóò tà á. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ti sọ ọ́ pé títa ẹran ara ènìyàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ni kí wọ́n tẹ̀ lé e.

Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ náà wúlò. Wọ́n á fà á, wọ́n á jẹ́ kó dì, wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ títí omi aláwọ̀ pupa rúsúrúsú yóò fi dá dúró lókè. Omi yẹn ni wọ́n á fi omi iyọ̀ là, tí wọ́n á máa kán sójú. Ó ní àwọn èròjà tó ń mú egbò ojú jiná, èyí tí omijé lásán kò tó láti pèsè nígbà tí ojú bá ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ máa kọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ ni yàrá àyẹ̀wò tó mọ́ àti fíríjì tí iná kì í kú mọ́ lórí. Bí ará Pápá Àjàó bá mọ nǹkan kan nípa iná NEPA, ó mọ ibi tí wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bó bá wá kan stem cell gan-an, kí wọ́n má ba òótọ́ jẹ́ nítorí àwọn ẹlẹ́tàn. Ìṣẹ́ gidi wà nínú rẹ̀. Létí kọ́níà, ní ibi tí egbò Mooren ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà, tí wọ́n ń fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ará Ítálì, Pellegrini àti De Luca pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, mú díẹ̀ lára ojú tó dára, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì gbé e sórí ojú kejì tó bàjẹ́. Ní 2010 wọ́n tún kọ ìròyìn nípa aláìsàn 112, ó sì ṣiṣẹ́ lára ojú tó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní 2015, àwọn aláṣẹ ìlera Yúróòpù fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ ni Holoclar. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ojú tí ásíìdì tàbí iná jó ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ọmọ Ládípọ̀ tí ásíìdì bátìrì dà sí lójú kan wà lára àwọn tí irú rẹ̀ wúlò fún. Ẹni tí egbò Mooren ti jẹ ojú rẹ̀ méjèèjì kò ní ojú dídára tí wọn yóò mú irúgbìn wá láti ibẹ̀.

Ní Japan, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Ní 2004, Nishida àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo sẹ́ẹ̀lì inú ẹnu aláìsàn mẹ́rin láti bo ojú wọn. Ní 2024, wọ́n tún gbé ìròyìn jáde nípa àwọn mẹ́rin mìíràn tí wọ́n lo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yí padà di ti kọ́níà fún. A rí lára wọn ẹni tí àìsàn tó jẹ mọ́ ìjà ara ló ba ojú rẹ̀ jẹ́. Wọ́n tọ́ wọn lẹ́yìn fún ọdún méjì, ìríran wọn sì dára sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn kò dúró sí ibi tó dé. Mẹ́rin péré ni wọ́n. Àwọn ará Japan fúnra wọn kò tíì pè é ní ìwòsàn gbogbo ayé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ohun tí àwọn kan ń tà ni pé ẹni tó ń ṣèwádìí máa ń kọ iye aláìsàn, ó máa ń kọ ohun tó kùnà, kì í sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ṣàyẹ̀wò. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin mẹ́ta tó ti dàgbà lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní 2015, nítorí ojú tó ń ṣú. Wọ́n fa ọ̀rá láti ikùn wọn, wọ́n ní stem cell ni, wọ́n sì gún un sí ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú. Ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 2017, 5,000 dọ́là ni wọ́n ní ẹnìkọ̀ọ̀kan san. Amẹ́ríkà tó ní òfin ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún àgbàlagbà ní Ìkòròdú tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó wá gba abẹ́rẹ́ stem cell ní ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan, kó bi í pé aláìsàn mélòó lẹ ti ṣe é fún, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí, ta ló ń bójú tó o.

Ó ku ẹbùn òkú. Láti 1905, nígbà tí Eduard Zirm ṣe àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere ní ìlú kan tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ni wọ́n ti ń gbé kọ́níà òkú sí ojú alààyè. Fún egbò Mooren, ìgbà tí ojú bá ti lu tàbí nígbà tí ìjà bá ti rọlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń ṣe é, torí pé ó lè tún jẹ awọ tuntun náà. Àwọn tó ń retí kọ́níà ju èyí tó wà lọ gan-an: ìwádìí àgbáyé kan ní 2016 sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà fún 70 ènìyàn tó nílò rẹ̀. Nàìjíríà ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1973. Báńkì ojú kan náà wà l'Ékòó, Eye Bank for Restoring Sight ni wọ́n ń pè é. Òfin ti 2014 tún sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú lè kọ ọ́, ó sì lè fi ẹnu sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ náà lè ṣe é nínú ilé rẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó ti dàgbà.

Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kì í ṣe òfin. Bàbá àgbà máa ń bi ní: bí wọ́n bá yọ ojú mi, ojú wo ni màá fi wáyé? Ìbéèrè náà ní ìwúwo lójú ẹni tó gbàgbọ́ pé Babátúndé yóò padà wá. Síbẹ̀, àwọn bàbá àgbà wa tó kú ní afọ́jú kò padà wá ní afọ́jú. Awọ fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì máa ń yọ, ojú òkú náà kò ní í bàjẹ́, ẹni tó wá wò ó kò ní í mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ tí ènìyàn kú, kò sì ní í gbà tó wákàtí kan, kò ní í dí ìsìnkú Mùsùlùmí lọ́wọ́. Bí àgbàlagbà kan bá ṣe èyí ní Mushin, tí ọ̀dọ́ kan sì padà ríran lọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ládípọ̀, àwọn aládùúgbò á ṣe ju ìwàásù mẹ́wàá lọ láti yí ọkàn ènìyàn padà.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀, òótọ́ ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé kátárátì ló fa bíi 43 nínú 100 ìfọ́jú, ohun tí iṣẹ́ abẹ kékeré lè ṣàtúnṣe. Kò sí ẹni tó ní kí ìjọba pa kátárátì tì. Àmọ́ àlà ibi ọmọ, omi ẹ̀jẹ̀ àti kọ́níà òkú kì í ṣe ti Mooren nìkan. Wọ́n wúlò fún ojú tí ásíìdì jó, fún ojú tí oògùn sulfa bó nígbà tí ó bá kọ ara aláìsàn, fún àpá tí egbò àgbẹ̀ fi sílẹ̀. Ètò Ìlera Èkó yẹ kó rí i dájú pé oògùn tí ń pẹ̀tù sí ìjà ara wà fún ẹni tí kò lówó, nítorí oògùn ọdún kan ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ti abúlé wá láti Ìbàràpá tàbí Ìpókíá, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì ju owó oògùn lọ, kò yẹ kí wọ́n dá a padà nítorí pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà tó sún mọ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún, tí nọ́ọ̀sì ń kọ orúkọ, ìwúwo àti ìfúnpá sínú káàdì. Kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un fún àwọn tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wọn ti wà nílẹ̀: "Màmá, ṣé ẹ gbà kí a bó àlà ara ibi ọmọ yín fún ẹni tí egbò ń jẹ lójú?" Kí ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bi í, kí wọ́n sì sọ fún un ibi tí yóò ti gba ìyókù, kó lè gbé ìkòkò rẹ̀ dání wá lọ́jọ́ ìgbẹ̀bí.